Ọkùnrin Tó Ń Ṣubú Nínú Pósí

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Kẹta

Wọ́n gbé e dé lónìí. Àwọn tó gbé e ń mí hẹlẹhẹlẹ, ọ̀kan fẹsẹ̀ kọ ẹnu ọ̀nà, ó sì bú ẹni tó kan ilẹ̀kùn náà tìyátìyá. Àpótí pákó gíga kan, ojú gíláàsì lókè, bọ́tìnnì àti ọ̀pá ìdarí níwájú. Bí a bá gbé e dùbúlẹ̀, òkú á wọ̀ ọ́ rẹ́gí. Pósí ni màá máa pè é.

Ọ̀gá Má-fọwọ́-kàn-án ń pòòyì yí i ká bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí àkọ́bí. (Ọ̀gá ilé-ìṣẹ̀ǹbáyé ni. Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ yẹn, torí ohun tó máa ń pariwo mọ́ àwọn ọmọ iléèwé láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ nìyẹn.) Ó ní irú Pósí yìí kan ṣoṣo ló kù láyé. "Ogun Òkè" ni wọ́n ń pe géèmù inú rẹ̀. Inú ilé yìí gan-an ni wọ́n ti ṣe é, nígbà tí ibí ṣì jẹ́ ilé-iṣẹ́ géèmù, kí ọjà tó dojú dé, kí wọ́n tó sọ ọ́ di ibi tí ènìyàn ń wá wo ohun tí àwọn bàbá wọn fi ṣeré.

Àfihàn máa bẹ̀rẹ̀ ní Àbámẹ́ta 22. Kó tó dìgbà náà, kí Pósí ti jí. Iṣẹ́ tèmi nìyẹn — ẹ̀rọ tó bá ti kú, èmi ni mo máa ń jí i.

Mo yẹ ẹ̀yìn àpótí náà wò. Kò sí ìṣó kankan lórígun rẹ̀, pákó ni wọ́n fi há pákó. Mo mọ ọwọ́ yẹn! Bàámi ló kàn án. Iṣẹ́ káfíńtà ni wọ́n ṣe níbí nígbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ọ́. Inú mi dùn ju bó ṣe yẹ lọ.

Ìṣẹ́gun, 4

Eruku. Ẹyin aáyán. Ìtẹ́ eku. Mo gbọ̀n ọ́n, mo nù ún, mo sódà àwọn wáyà tó ti já. Áísì ni mo ń bẹ̀rù — nǹkan dúdú pẹlẹbẹ ẹlẹ́sẹ̀ wẹ́wẹ́ tí wọ́n kó gbogbo géèmù sí. Mo rò pé á ti kú fin-ín-fin-ín. Àfi bí mo ṣe tanná tí Pósí hó, tó sì tàn.

Kí n kọ ohun tí mo rí. Òkè kan, ìlú kan lórí rẹ̀, ilé pupa wẹ́wẹ́. Ìwọ tó ń gbá géèmù ni ọ̀gá ṣọ́jà. O dé fìlà funfun, o dúró nísàlẹ̀ nídìí ìbọn arọ̀jò-ọta. Àwọn ará ìlú á máa sọ̀ kalẹ̀ wá bá ọ pẹ̀lú àdá àti kùmọ̀. Ìwọ á máa yìnbọn lù wọ́n. Bí wọ́n bá tán, ilé á jó, àsíá á gòkè, ìlú mìíràn á tún dé. Mo wá ibi tí àwọn ará ìlú ti lè borí, n kò rí. Wọn ò fi síbẹ̀ rárá.

Ogun tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ ni, láyé àwọn baba ńlá wa, nígbà tí àwọn amúnisìn ń gba ìlú kiri. Òkè yẹn wà lóòótọ́. Wọ́n ní àwọn ọmọdé máa ń tò nílà láti gbá géèmù yìí, wọ́n á máa jà sí i.

Mo gbá a díẹ̀ ní ọ̀sán láti fi dán bọ́tìnnì wò. Bọ́tìnnì ń ṣiṣẹ́.

Ọjọ́rú, 5

Bàámi ṣubú lánàá, wọn ò sì sọ fún mi — ẹnu Màmá Òkè, aládùúgbò wa, ni mo ti gbọ́ ọ.

Ọjọ́bọ̀, 6

Áísì ayé ìgbà yẹn ò lè gba nǹkan púpọ̀. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ará ìlú inú Pósí fi jẹ́ ẹnì kan. Ẹnì kan ni wọ́n yà, òun náà ni wọ́n ń lò ní àlòtúnlò. Wọ́n á kọjú rẹ̀ sọ́tùn-ún, wọ́n á kọjú rẹ̀ sósì. Odindi ìlú, ojú kan.

Mo wá sún mọ́ gíláàsì lónìí. Èjìká òsì rẹ̀ rẹlẹ̀ ju tọ̀tún lọ. Ó ń rìn bí ẹni tí wọ́n gbé pákó lé. Mo pa Pósí. Mo jókòó sílẹ̀.

Bàámi ni.

Nígbà tí mo délé mo sọ fún wọn. Orí àga wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ni wọ́n wà, àga tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kàn, tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jókòó sí. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. "Ṣé wọn ò tíì da nǹkan yẹn nù?" Wọ́n ní obìnrin kan tó ń yàwòrán níbi iṣẹ́ — Ìyá Lẹ́ẹ̀dì, torí kì í yọ lẹ́ẹ̀dì tó fi ń yàwòrán kúrò létí — ló wọ ibi tí wọ́n ti ń la pákó wá, tó ní ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́ ni òun ń wá. Wọ́n máa fi kámẹ́rà ká a, wọ́n á wá máa yà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan láti ara fọ́tò. Ó ní kí Bàámi rìn, wọ́n rìn. Ó ní kí wọ́n gbé àdá sókè, wọ́n gbé e. Ó wá ní kí wọ́n ṣubú bí ẹni tí ìbọn bà.

Bàámi ní àwọn kọ̀ jálẹ̀. "Mo ní ẹ má bínú, a kì í fi ikú ṣeré nílé wa. Bàbá tó bí bàbá mi lọ jà lórí òkè yẹn. Kò bọ̀. Wọn ò rí òkú rẹ̀ sin. Èmi wá fẹ́ nà gbalaja síwájú kámẹ́rà kí n máa ṣe bí òkú, kí òun náà máa wò mí níbi tó wà? Mo ní bí wọ́n bá fẹ́ kí n dìde nílẹ̀, màá dìde. Dídìde nìkan ni mo ṣe fún wọn."

Mo ní, "Bàámi, ẹ̀ ń ṣubú nínú ẹ̀ o."

"Èmi kọ́. Wọ́n á ti rí ẹlòmíì."

N kò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n èjìká yẹn, ta ló tún ní in?

Àbámẹ́ta, 8

Bàámi ṣubú lánàá, wọ́n tún ṣubú. Mo gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà láàárọ̀. Ó wo ẹ̀jẹ̀, ó wo etí, ó wo ojú, ó fi òòlù kékeré kan orúnkún wọn. Ó ní ara bàbá le ju tòun lọ. Ó ní bóyá bàtà ni. Mo ra bàtà tuntun.

Màmá Òkè rí bàtà, ó bú sẹ́rìn-ín. Opó tó ń gbé lókè wa ni, òun ló máa ń bá mi wo Bàámi bí mo bá wà níbi iṣẹ́. Ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ọwọ́ rẹ̀ náà kì í sinmi, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀. Ó ní, "Bàtà ló ń tì wọ́n ṣubú? Ọmọ yìí, ojú mi ló ṣe. Wọn ò kọsẹ̀. Ó dà bí ẹni tí wọ́n tì láyà."

Ajé, 10

Àṣìṣe kan wà nínú Pósí. Ó yẹ kí òkú máa pòórá. Bí wọ́n ṣe ń ṣe irú géèmù báyìí nìyẹn, kí àyè lè wà fún àwọn tó ń bọ̀. Àwọn tibí ò pòórá. Wọ́n ń gbára jọ lórí ara wọn títí wọ́n fi bo ẹsẹ̀ ọ̀gá ṣọ́jà. Mo pààrọ̀ gbogbo ohun tó ṣeé pààrọ̀ — wọ́n ṣì wà níbẹ̀.

Nǹkan mìíràn. Màá kọ ọ́, kò sẹ́ni tó máa kà á. Kí ó tó ṣubú, ó máa ń wo gíláàsì. Kì í ṣe ìbọn ló ń wò. Èmi ni.

Bàámi tún ṣubú lónìí. Màmá Òkè ní ìròyìn ọ̀sán ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lórí rédíò ni. Aṣọ́nà tiwa náà ní rédíò níbi iṣẹ́, ìròyìn yẹn ni mò ń gbọ́ bí mo ṣe ń gbá géèmù.

Ìṣẹ́gun, 11

N kò tan Pósí lónìí. Ara àpótí ni mo kùn. Bàámi ò ṣubú. Wọ́n tiẹ̀ rìn dé ẹnu géètì lọ bá ẹni tó ń gbá títì jiyàn bọ́ọ̀lù, wọ́n sì borí, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe sọ.

Ọjọ́rú, 12

Ọlọ́run má bínú sí mi.

Mo pe Màmá Òkè lórí fóònù, mo ní kó fún Bàámi. Mo ní, "Ẹ̀ ń jókòó ni, àbí ẹ dúró?" Wọ́n ní àwọn dúró, àwọn ń wá gíláàsì ojú àwọn. Mo ní ṣé ara le? Wọ́n ní ara le kokooko. Ìka mi wà lórí bọ́tìnnì. Ará ìlú kan ṣoṣo ló ń sọ̀ kalẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́.

Mo gbọ́ bí fóònù ṣe já bọ́. Mo gbọ́ igbe Màmá Òkè.

Èmi ni mo ṣe é. Ọwọ́ ara mi ni mo fi yìnbọn lu bàbá mi. N kò tún ní tẹ bọ́tìnnì yẹn mọ́ láyé mi.

Ẹtì, 14

N kò lọ síbi iṣẹ́. Mo ní ara mi ò yá, irọ́ kọ́.

Mo ń rántí ìgbà tí mo wà lọ́mọdé. Bàámi máa ń ṣubú nígbà yẹn. Lójú títì. Lórí àkàbà níbi iṣẹ́. Ní iléèwé wa lọ́jọ́ tí àwọn òbí wá, níwájú olùkọ́ mi, gbọnrangandan, pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n lọ̀ dáadáa. "Bàbá Ọ̀mùtí" ni wọ́n ń pè wọ́n. Bàámi tí kò mọ bí ọtí ṣe ń rùn! Màámi á gbóòórùn ẹnu wọn, kò ní rí nǹkan kan, síbẹ̀ ó kó ẹrù rẹ̀ lọ níkẹyìn. Wọ́n dá Bàámi dúró lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ní káfíńtà tó ń ṣubú nídìí ayùn á gé ara rẹ̀ sọ́nà méjì.

Ìgbà yẹn ni Ogun Òkè wà káàkiri. Ní ṣọ́ọ̀bù, ní ibùdókọ̀, ní ilé ìtura, níbi tí wọ́n ti ń gẹrun. Gbogbo ọmọ tó bá ti ráyè ló ń yìnbọn lù ú.

Lẹ́yìn náà ni ọjà dojú dé. Wọ́n ṣe géèmù ju bó ṣe yẹ, gbogbo rẹ̀ jọra, ó sú àwọn ènìyàn. Àwọn ilé-iṣẹ́ ń ti ilẹ̀kùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń da àpótí sí ààtàn, wọ́n ń là wọ́n dáná. Ọdún yẹn gan-an ni ẹsẹ̀ Bàámi mú ilẹ̀. Gbogbo ènìyàn ní wọ́n ti jáwọ́ nínú ọtí. Àlùfáà kan tiẹ̀ gbàyìn sí i.

Mo lọ wò wọ́n níbi tí wọ́n jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Mo sunkún, wọ́n ní kí ló dé, mo ní àlùbọ́sà ni. N kò gé àlùbọ́sà kankan.

Ajé, 17

Mo ti yọ fíúsì Pósí pamọ́ sínú báàgì mi láti ọjọ́ tí mo ti tẹ bọ́tìnnì yẹn. Ọ̀gá Má-fọwọ́-kàn-án ra òmíràn. Kò sọ fún mi. Mo jáde lọ ra wáyà, mo padà bá àwọn àlejò rẹ̀ yí Pósí ká, wọ́n bọ́ kóòtù sílẹ̀, wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn, wọ́n ń pariwo bí ọmọ kékeré. Òkú ti kún débi ilé pupa.

Fóònù mi ń dún. N kò gbé e. Mo sáré.

Orí ilẹ̀ ni mo bá Bàámi, Màmá Òkè gbé orí wọn lé itan. A fẹ́ gbé wọn sórí ibùsùn, wọ́n wúwo kọjá agbára wa, Bàámi tí mo lè fi ọwọ́ kan gbé. Ojú wọn là sílẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ n sinmi díẹ̀. Wọ́n ti pọ̀ jù lórí mi."

Mo ní, "Àwọn wo?"

Wọ́n pa ojú dé.

Ìṣẹ́gun, 18

Wọn ò tíì dìde. Dókítà wá, ó ní kò sí egungun tó ṣẹ́, kò yé òun. Ó ní kí a máa fún wọn lómi.

Mo lọ bá Ọ̀gá. Mo sọ gbogbo rẹ̀ tán láìfi nǹkan kan pamọ́. Mo ní, "Ọ̀gá, bàbá mi ló wà nínú ẹ̀rọ yẹn." Ojú rẹ̀ tàn. Ó ní ó mà dára o, kí n bá òun kọ ọ́ sórí páálí kan, àwọn á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ Pósí kí àwọn àlejò lè kà á.

Mo kúnlẹ̀. Ó ní kí n dìde, kí n lọ sinmi, iṣẹ́ ti pọ̀ lọ́rùn mi.

Ó wá sọ èyí tó burú jù. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta, bí àfihàn bá ti ń lọ, òun máa fi Ogun Òkè sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀fẹ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ní fóònù lè gbá a. Èmi ni kí n ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kó mọ́ dáadáa, kí n sì ṣe áísì tuntun fún Pósí fúnra rẹ̀. Bí n kò bá ṣe é ńkọ́? Ó ní ẹni tó tà á fún àwọn ti fún òun ní ẹ̀dà kan tẹ́lẹ̀, kò kàn mọ́ tó ni, àwọn á fi ṣe é bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà bí mo bá fi òòlù fọ́ Pósí, asán ni. Gbogbo fóònù ayé. Ẹ̀ẹ̀melòó ni ẹni kan ṣoṣo lè ṣubú?

Ọjọ́rú, 19

Mo tú inú áísì sórí kọ̀ǹpútà láàárọ̀. Àwòrán Bàámi tò lọ gbọọrọ, ẹyọ kọ̀ọ̀kan: ó dúró, ó tẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó nà sílẹ̀. Mo ń wò wọ́n, nǹkan kan ń yọ mí lẹ́nu, n kò mọ̀ ọ́n. Mo jẹun, mo padà wá wò ó.

Àtẹ́lẹwọ́ ni. Ẹni tí wọ́n yìnbọn fún kì í rọra tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀ kó fi gbé ara rẹ̀ ró. Eruku sì ti wà lẹ́yìn rẹ̀ kí ẹ̀yìn rẹ̀ tó kan ilẹ̀! Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wò wọ́n láti òpin bọ̀ wá sí ìbẹ̀rẹ̀. Ó nà sílẹ̀, ó tẹ ọwọ́ mọ́lẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó dúró, ó gbọn eruku ẹ̀yìn rẹ̀.

Kò ṣubú rí. Ó ń dìde.

Mo lọ wá Ìyá Lẹ́ẹ̀dì kàn lọ́sàn-án. Ó ti darúgbó, yàrá kan ló ń gbé, òdòdó inú ike kún fèrèsé rẹ̀, lẹ́ẹ̀dì ṣì wà létí rẹ̀. N kò tíì sọ̀rọ̀ tán tó ti fi ọwọ́ bo ojú. Ó ní, "Bàbá rẹ kọ̀, kò gbà láti kú. Ọ̀gá wa nígbà náà ń pariwo pé ọjà ń dúró. Kò sí àyè, kò sí àsìkò láti wá ẹlòmíì. Mo bá yí i sẹ́yìn. Dídìde tó dìde ni mo fi pa á."

Ó ní òun gbọ́ nígbà náà pé Bàámi ń ṣubú kiri. "Mo ní ọtí ni. Ó rọ̀ mí lọ́rùn kó jẹ́ ọtí."

Mo ní bí mo bá dá a padà bó ṣe wà ńkọ́? Kí wọ́n máa dìde? Ó ń fọwọ́ pa ewé òdòdó.

Ó ní, "Ọmọ mi, kì í ṣe òun nìkan ló ṣubú síbẹ̀ o. Ara rẹ̀ ni gbogbo wọn fi ṣubú, gbogbo ará òkè yẹn. Bó o bá ní kí wọ́n dìde, ṣé o ti mọ ibi tí wọ́n máa lọ?"

Mo dúpẹ́, mo lọ.

Ọjọ́bọ̀, 20

Bàámi ò jẹun. Èémí wọn ti kéré, mo ní láti tẹ́tí sí i níbi ẹnu. Màmá Òkè tẹ́ aṣọ yí wọn ká lórí ilẹ̀, ó ń bá wọn sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń lọ ládùúgbò bí ẹni pé wọ́n ń dáhùn.

Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ wọ́n bi mí pé, "Ṣé àsíá yẹn ṣì wà lókè?" Mo ní àsíá wo? Wọ́n ti padà sùn.

Ẹ̀rù ń bà mí, ìbínú sì ń bí mi. Bàámi ni mo ní. Ibi yòówù kí àwọn tó kù máa lọ, kí wọ́n lọ. Ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó kì í bi omi léèrè ibi tó ti ń bọ̀.

Ẹtì, 21

Mo ti yí àwọn àwòrán náà padà sí dídìde, nínú áísì àti nínú ẹ̀dà tí mo fún Ọ̀gá. N kò dán an wò. Ta ni kí n fi dán an wò?

Àbámẹ́ta, 22

Màá kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Èrò kún. Ọ̀gá sọ̀rọ̀ gígùn nípa ìtàn géèmù, nípa bí ilé yìí ṣe tàn kálẹ̀ ayé nígbà kan. Wọ́n gé rìbọ́nù. Olówó kan tó fún wọn ní owó ilé ni wọ́n ní kó kọ́kọ́ gbá Pósí. Ó ká apá aṣọ sókè, ó ń ṣẹ́jú sáwọn ènìyàn.

Ará ìlú kan sọ̀ kalẹ̀. Olówó yìnbọn lù ú. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni ará ìlú náà ti wà nílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dìde. Ó tẹ ọwọ́ mọ́lẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó dúró, ó gbọn eruku. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan pariwo pé, "Ó ti bàjẹ́!" Ọ̀gá wò mí bí ẹni tó fẹ́ jẹ mí. Olówó ń yìnbọn, ó ń yìnbọn. Wọ́n ń dìde, wọ́n ń dìde. Wọn ò pòórá. Òkè kún dẹ́múdẹ́mú.

Wọ́n wá yíjú síta, gbogbo wọn. Kò sí àwòrán bẹ́ẹ̀ nínú áísì. Mo mọ gbogbo ohun tó wà níbẹ̀, èmi ni mo tò ó. Wọn ò gbé àdá sókè, wọn ò ṣe nǹkan kan, wọ́n kàn ń wò wá. Ẹ̀rín dákẹ́. Olówó yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí bọ́tìnnì, ó nù ún mọ́ ṣòkòtò. Ọ̀gá ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Ta ló kọ́ wọn ní èyí?"

Fóònù mi dún. Màmá Òkè. "Máa bọ̀ o! Bàbá ti dìde! Bàbá ti dìde, wọ́n ti —" Ó wá dákẹ́. Màmá Òkè, ó dákẹ́.

N kò rí ọkọ̀, mo fi ẹsẹ̀ sáré. Ọ̀sán ti pọ́n. Ní ibùdókọ̀ mo gbọ́ ìró kan tí mo mọ̀, ìró ìbọn inú Pósí, tatatata wẹ́wẹ́ yẹn, láti inú fóònù ọmọbìnrin kan tó tẹrí ba. Lẹ́yìn náà láti inú fóònù ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù. Lójú fèrèsé. Gbogbo àdúgbò ti ń gbá a.

Ilẹ̀kùn wa ṣí sílẹ̀ gbayawu. Bàámi dúró láàárín pálọ̀, ṣámúṣámú, èjìká òsì rẹlẹ̀, wọ́n ti wọ aṣọ tó dára. Mo fẹ́ dì mọ́ wọn, mo fẹ́ ké. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ni wọ́n kọjú sí, wọ́n ń kí ènìyàn. "Ẹ kú ìrìn o. Ẹ wọlé, ẹ wọlé. Ẹ má dúró sẹ́nu ọ̀nà, ilé yín ni. Ẹ kú ìrìn o. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta."

N kò rí ẹnikẹ́ni. Màmá Òkè jókòó sílẹ̀ ní kọ̀rọ̀, ó fọwọ́ di ẹnu. Ooru bò mí, irú èyí tó máa ń wà nínú yàrá tí èrò bá kún. Kọ́tìnnì wú sínú bí ẹni pé ẹnì kan fara tì í. Eruku pupa wà lẹ́nu ọ̀nà, kò sí ilẹ̀ pupa ládùúgbò wa. Tìmùtìmù orí àga wa gbogbo ti rì sísàlẹ̀.

Bàámi fà mí lọ́wọ́ lọ sídìí àga tiwọn, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ọwọ́ wọn gbóná, ó lágbára. "Bàbá tó bí bàbá mi nìyí. Kí wọn."

Mo kúnlẹ̀ fún àga. Mo ní ẹ káàbọ̀, sà. Àga náà dún kẹ́ẹ̀, bí ẹni tó wà lórí rẹ̀ ṣe tẹ̀ síwájú láti wò mí. Ẹ̀rù tó bà mí, n kò mọ bí mo ṣe máa kọ ọ́. Ṣùgbọ́n Bàámi ń rẹ́rìn-ín. N kò rí irú ẹ̀rín yẹn lẹ́nu wọn láti ìgbà tí Màámi ti lọ.

Wọ́n ní, "Ó ti tó. Lọ bá mi wá àga, àlejò ò gbọdọ̀ wà lórí ìdúró."

Mo kó ti iyàrá mi. Mo kó ti Màmá Òkè. Mo kan ilẹ̀kùn kiri, mo yá ti gbogbo ilé, mo ní a ní àlejò. Bí mo bá ṣe ń gbé e sílẹ̀ ni tìmùtìmù rẹ̀ ń rì. Ìró yẹn ò dákẹ́ níta, tatatata, láti fèrèsé dé fèrèsé, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bọ̀. Bàámi ti lọ fa àpótí irinṣẹ́ wọn yọ lábẹ́ ibùsùn. Mo ń gbọ́ ayùn wọn báyìí. Wọ́n ti ń la ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù.

Àga ò tó. Orí àtẹ̀gùn ni mo jókòó sí tí mo ń kọ èyí. Mo ká ẹsẹ̀ mi kò, kí wọ́n lè ráyè kọjá.